Mo ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ dé, ìwé kún àpò mi: kí ni kí n kọ́kọ́ gbé wọ kíláàsì?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Olùkọ́ kíláàsì kẹta ni mí nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní Òkè-Ògùn. Ọmọ 62 ló wà níwájú mi. Nígbà ìsinmi, wọ́n pè wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún. Mo kọ nǹkan kún odidi ìwé kan, mo ya fọ́tò lóríṣiríṣi, wọ́n tún fún wa ní fáìlì. Látìgbà tí a ti wọlé, n kò tíì lo ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ohun èlò tí wọ́n fi kọ́ wa kò sí lọ́dọ̀ wa, iná kò sí, àyè tí mo lè rìn láàárín bẹ́ńṣì gan-an kò tó. Ọ̀gá àgbà wa sì ti ní kí n ṣe step-down láìpẹ́, ìyẹn ni pé kí n kọ́ àwọn olùkọ́ yòókù ní ohun tí mo kọ́ bọ̀. Báwo ni mo ṣe lè ṣa èyí tó wúlò nínú gbogbo rẹ̀?

ÌDÁHÙN

Àǹtí olùkọ́, ẹ kú làálàá. Ẹ ti fáìlì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Kí ẹ tó ṣí i, ẹ kó ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ yín jáde, ogún péré ti tó, kó má jẹ́ ti àwọn tó mọ̀wé nìkan. Ẹ wo ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣìnà. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ohun tí ẹ ń wá nínú fáìlì.

Mo ń sọ èyí nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Lọ́dún kẹta tí mo dé ẹnu iṣẹ́, mo ti sẹ́mínà kan dé, mo fi owó oṣù mi ra kádíbọ́ọ̀dù àti máákà, mo ya àwòrán bo gbogbo ògiri kíláàsì. Ó rẹwà. Nígbà tí táàmù parí, àwọn ọmọ tí kò mọ ìyọkúrò ṣì wà níbi tí mo bá wọn. Ó dùn mí títí di òní, nítorí táàmù tí ọmọ pàdánù kì í padà wá.

Ní kíláàsì kẹta, ìyọkúrò tó ní yíyá nínú, ìyẹn èyí tí a ní láti tú mẹ́wàá kan kún ẹyọ kí a tó lè yọ, ni mo sábà máa ń bá. Ẹ kọ 52 – 27 sí pátákó kí ẹ wò ó. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò kọ 35 fún yín. Wọ́n rí i pé 7 ju 2 lọ, wọ́n sì yọ 2 kúrò lára 7, kò sí ohun tó kàn wọ́n nípa èyí tó wà lókè. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù oníke hàn yín nípa rẹ̀, ẹyọ kéékèèké àti ọ̀pá tó dúró fún mẹ́wàá. Ike yẹn kọ́ ni kí ẹ máa wá kiri. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ mú: mẹ́wàá lè di ìdì kan, a sì lè tú ìdì náà padà sí mẹ́wàá. Ìgbálẹ̀ lè ṣe é. Ẹ ní kí àwọn ọmọ mú ìgbálẹ̀ tó ti gbó wá láti ilé, ẹ kán an sí kéékèèké, ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn fi rọ́bà dì í ní mẹ́wàá mẹ́wàá.

Ohun kan wà níbí tí ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá wa lẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà mẹ́nu bà: ìyọkúrò ti wà nínú òǹkà tiwa. Láti mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, a ń fi kún ẹ̀wá. Tó bá ti di márùndínlógún, a ti fo lọ bá ogún, a wá ń dín in kù. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ ka ọsàn lọ́jà kò gbọ́ ẹ̀wá àti ẹ̀fà nínú mẹ́rìndínlógún; ogún tó dín mẹ́rin ló gbọ́. Ó wá dé kíláàsì, ẹ kọ 16. Ohun tí pátákó ń sọ yàtọ̀ sí ohun tí etí rẹ̀ mọ̀, a sì ń pè é ní olódo.

Ẹ fún ọmọ yẹn ní ìdì ìgbálẹ̀ méjì. Ẹ ní kó fún yín ní mẹ́rìndínlógún. Yóò mọ̀ pé ogún ló wà lọ́wọ́ òun àti pé mẹ́rin ni kí òun yọ, ṣùgbọ́n kò ní rí mẹ́rin yọ láìtú ìdì kan. Tó bá tú u tó yọ mẹ́rin, ìdì kan àti ẹyọ mẹ́fà ló kù: 1 àti 6 tó wà lójú pátákó nìyẹn. Ọmọ náà ti ṣe yíyá láìtíì gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ ṣe mẹ́tàdínlógún, ẹ ṣe márùndínlọ́gbọ̀n, kí ẹ tó wá padà sórí 52 – 27. Ìdì márùn-ún, ẹyọ méjì. Ẹyọ méje kò ṣeé yọ nínú méjì, ó di dandan kí a tú ìdì kan. Ó ku ìdì mẹ́rin àti ẹyọ méjìlá. Ó yọ méje, ó ku márùn-ún. Ó yọ ìdì méjì, ó ku méjì. 25. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́ta, ẹ gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n máa fa ìlà sínú ìwé dípò rẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni kí wọ́n wá fi nọ́ńbà nìkan ṣe é.

Ẹ má bẹ̀rù láti fi Yorùbá ṣàlàyé ìṣirò yìí. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún odidi ọdún mẹ́fà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ní ti ọmọ 62 àti àyè tí kò sí, ẹ wò ó bóyá "think-pair-share" wà nínú ìwé yín. Frank Lyman, ará Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1981, kò sì gba owó kankan. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè, kí gbogbo wọn dákẹ́ rò ó, kí kálukú sọ tirẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì, kí ẹ tó wá pe ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti sọ ọ́ síta. Ọmọ tí kì í nawọ́ sókè láti January dé July yóò ti sọ̀rọ̀. Ariwo yóò wà, ẹ jẹ́ kó wà.

Èyí tó ní ká pín àwọn ọmọ sí ipele tí wọ́n mọ̀ dé, dípò kíláàsì tí wọ́n wà, bí àjọ ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Pratham ṣe ń ṣe ní Íńdíà, ó dára púpọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gba kí kíláàsì mélòó kan pawọ́ pọ̀ ní wákàtí kan náà. Ẹ tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí ọ̀gá àgbà bá fọwọ́ sí i. Fídíò àti ohunkóhun tó gba iná, ẹ fi sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ fún wọn ní ìṣirò mẹ́ta: 52 – 27, 63 – 38, 40 – 16. Ẹ ka iye àwọn tó gbà á, kí ẹ kọ ọ́ síwájú iye àwọn tó gba 52 – 27 lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí iye náà kò bá fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ẹ má tíì dá ìgbálẹ̀ nù. Ẹ pe ọmọ mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n ṣe é lójú yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti rí i pé ọmọ tú ìdì dáadáa, ṣùgbọ́n tó gbàgbé pé ìdì ti dín kan.

Fún step-down, ẹ má ka fáìlì sí wọn létí. Ẹ gbé ìwé tí àwọn ọmọ ti kọ 35 sórí tábìlì, kí ẹ bo orúkọ wọn. Ẹ bi àwọn ẹlẹgbẹ́ yín pé kí ló mú ọmọ yìí kọ 35, kí ẹ dákẹ́, kí wọ́n rò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìdì méjì, kí àwọn náà wá mẹ́rìndínlógún fún yín.