Ilà Méjì Ló Yí Padà, Èwo Ni Ká Kà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi owó ẹyọ mẹ́ta ṣe àyẹ̀wò Yijing, ìwé ìwoṣẹ́ àtijọ́ ti ilẹ̀ Ṣáínà. Orí jẹ́ 3, ẹ̀yìn jẹ́ 2. Mo jù wọ́n lẹ́ẹ̀mẹfà, mo ro iye wọn pọ̀ fún ilà kọ̀ọ̀kan; láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, mo rí 7, 9, 9, 8, 8, 8. Ọ̀rọ̀ ilà wo nínú ìwé náà ni kí n kà?

Ìdáhùn: 7 àti 9 jẹ́ odindi ilà, 6 àti 8 jẹ́ ilà tó gé sí méjì. 9 á yí di ilà tó gé sí méjì, 6 á yí di odindi, 7 àti 8 kì í yí. Ilà mẹ́fà ló ń di àmì kan nínú ìwé náà: àmì 11, Tai, lẹ jù, ó sì ń yí sí àmì 24, Fu.

Zhu Xi (1130–1200), onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Ṣáínà, ló là á yé wa: bí ilà kan bá yí, òun la ó kà nínú àmì àkọ́kọ́, bí méjì bá yí, ẹ ka méjèèjì, tòkè ni olórí. Ilà kẹta ló ṣe kókó fún yín. Ọ̀rọ̀ ilà náà ni pé kò sí ibi títẹ́jú tí kì í di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò sí àlọ tí kò ní àbọ̀. “Àbọ̀” gan-an sì ni ìtumọ̀ Fu, ẹ ò rí nǹkan!

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: bẹ́ ẹ bá to ilà yẹn láti òkè wá sísàlẹ̀, Tai á di Pi, àmì 12, òdìkejì rẹ̀ pátápátá.