Ohùn ìyá rẹ nínú Waze: ibi tí ègé ohùn ti ń so pọ̀ ni kí o tún ṣe

Àbúrò, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ dáadáa. O ní o gba ohùn ìyá rẹ sínú Waze, ètò atọ́nà orí fóònù, fún bàbá rẹ tó máa ń gbé gàrí láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Èkó, torí pé Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀rọ ń sọ kò yé wọn. O ní ohùn náà mọ́ketekete lórí fóònù, síbẹ̀ bàbá ti yà níbi tí kò yẹ kí wọ́n yà, wọ́n ní àwọn kì í gbọ́ "òsì" dáadáa, wọ́n sì ti pa ohùn náà. O wá ń béèrè irú máíkì tó yẹ kí o rà. Jọ̀ọ́, má tíì ná kọ́bọ̀ lórí máíkì. Ti fóònù rẹ tó. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí ìyá sọ ni kò bá bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀ mu.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba ohùn sínú ẹ̀rọ atọ́nà, láti ìgbà tí a ṣì ń lo TomTom tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀. Mo ti gba ti ìyàwó mi, mo ti gba ti ọmọ mi, mo ti bá àwọn bàbá tó ń wa bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì wa gba tiwọn. Ibì kan náà ló ti máa ń bàjẹ́. Ẹ̀rọ kì í sọ odindi gbólóhùn. Ègé ohùn ló ń mú, tó ń tò wọ́n tẹ̀ léra wọn: ègé kan fún bí ibẹ̀ ṣe jìn tó, ègé kan fún ohun tí awakọ̀ máa ṣe, nígbà mìíràn yóò fi "lẹ́yìn náà" sáàárín kó tó kan èyí tó tẹ̀ lé e. Ègé "yà sọ́wọ́ òsì" kan ṣoṣo tí ìyá rẹ sọ, òun ni yóò máa lò ní gbogbo oríta, ìbáà ku kìlómítà kan kí wọ́n débẹ̀, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Wo ohun tí o kọ pé ìyá sọ: "Ó ku irinwó mítà." Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ wá so "Yà sọ́wọ́ ọ̀tún" mọ́ ọn. Létí Yorùbá, gbólóhùn méjì nìyẹn. Èkíní ti parí, ohùn ti wálẹ̀. Èkejì jẹ́ àṣẹ tó dá dúró, ẹni tó bá sì gbọ́ àṣẹ lórí eré yóò ṣe é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bàbá rẹ kò ṣi ọ̀nà. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n ṣe.

Ohun tó tún un ṣe fún mi ni pé kí ègé tó ń sọ jíjìn má parí. Kí ìyá sọ pé: "Tẹ́ ẹ bá rin irinwó mítà sí i..." kí wọ́n dákẹ́ síbẹ̀, kí ohùn ṣì rọ̀ sókè bí ìgbà tí ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀. Tí ẹ̀rọ bá wá so "ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún yín" mọ́ ọn, ó di gbólóhùn kan gbọọrọ tó mọ́gbọ́n wá: tẹ́ ẹ bá rin irinwó mítà sí i, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún yín. Nígbà tí wọ́n bá sì dé ẹnu oríta gan-an, ègé kejì nìkan ni ẹ̀rọ máa sọ, yóò sì dá dúró láìní àbùkù. "Lẹ́yìn náà" pẹ̀lú yóò wọlé wẹ́rẹ́. Nínú gbogbo ìgbìyànjú mi, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó so mọ́ ìyàsí, mọ́ ráńdábáòtù àti mọ́ "ẹ máa lọ tààrà" tó báyìí.

Ní ti iye mítà fúnra rẹ̀, igba, irinwó, ẹgbẹ̀rin, kìlómítà kan, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe máa ń lọ. Bàbá tó ń ta gàrí kò ní ṣòpò kí irinwó tó yé wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń gba ti ọmọ mi tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń ka owó, "tú họ́ńdúrẹ́ẹ̀dì" ni mo ní kó sọ. Bí awakọ̀ ṣe ń ka owó rẹ̀ lọ́jà ni kí o ṣe ka mítà fún un. Àwọn ti máìlì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ti kìlómítà ni kí o gbájú mọ́.

Ìyá rẹ sọ pé "yà" fún bàbá rẹ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ nílé? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí Waze gbé síwájú yín ló mú kí wọ́n sọ ọ́ lásán bẹ́ẹ̀. Bàbá tí ìyàwó rẹ̀ ń fi "ẹ" bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, tó wá ń gbọ́ "yà síbí, yà sọ́hùn-ún" láti Ìjẹ̀bú-Òde títí wọ Èkó, kò ní pẹ́ tí yóò fi pa á. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn bàbá tí mo sọ nìyẹn: ohùn ọmọ rẹ̀ obìnrin ni a lò, a ò fi "ẹ" sí i, ó ní ọmọ òun kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ sí òun. A tún un gbà, ó sì ń lò ó dòní. Nítorí náà, kí o tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì, mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Waze máa ń jẹ́ kí o fi ohùn tí o gbà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Tí o bá mọ̀ pé àgbàlagbà mìíràn náà máa lò ó, "ẹ" ni kó wà ní gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí o yẹ̀ wò lónìí, kí bàbá tó tún jáde. Báwo ni ìyá ṣe sọ èyí tí Gẹ̀ẹ́sì pè ní "keep right"? Tí ó bá jẹ́ "ẹ dúró sápá ọ̀tún", jọ̀ọ́ pa á rẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ "ẹ dúró" lójú ọ̀nà mààrósẹ̀, bíréèkì ló máa tẹ̀, tírélà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ gba ọwọ́ ọ̀tún yín lọ" ni kí wọ́n sọ. Èyí tó wà fún jíjáde kúrò lójú mààrósẹ̀, kí ó yàtọ̀ gedegbe: "Ẹ já sọ́wọ́ ọ̀tún yín." Ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti ń ṣiṣẹ́ jù ni oríta ńlá Ṣàgámù, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn àti ti Bìní ti pàdé. Tí bàbá bá ń bọ̀ láti Èkó wálé, tí wọn ò já nígbà tó yẹ, Ògèrè ni wọ́n kọrí sí, láàárín àwọn tírélà.

Wàyí o, "òsì" tí wọn kì í gbọ́. Ariwo táyà àti ẹ́ńjìnnì, ohùn ìsàlẹ̀ ni. "Ọ̀tún" máa ń gòkè ní ìparí, etí yóò sì mú un. "Òsì" wà nísàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó bá sì wá jẹ́ òun ló kẹ́yìn gbólóhùn, ohùn ìyá yóò tún rẹlẹ̀ sí i, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá ti ń parí. Ó rì sínú ariwo nìyẹn. Kò sí máíkì tó lè yọ ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ "yín" sí ìparí gbogbo rẹ̀ láti òkè: "sọ́wọ́ òsì yín". "Yín" á gbé ohùn sókè, "òsì" ò ní kẹ́yìn mọ́, ọ̀wọ̀ sì wà níbẹ̀. Gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì ọkọ̀ ní ṣíṣí, wàá gbọ́ ìyàtọ̀.

Má jẹ́ kó gùn o. Tí ọkọ̀ bá ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, nǹkan bíi mítà 28 ló ń gbà kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí o bá tẹ bọ́tìnnì, tí ìyá kọ́kọ́ mí ná, tí wọ́n wá sọ gbólóhùn gígùn, tí gbogbo rẹ̀ gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà, ó ti jẹ mítà 168 nínú igba tí wọ́n ń sọ. Àdúrà "Ọlọ́run á ṣọ́ yín o" tí o ní ìyá fi kún ìyàsí, gbé e lọ síbi ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò, níbi tí àyè wà. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ ẹ́, bàbá á sì ṣe àmín kí wọ́n tó kúrò nílé.

Níbo lẹ ti gbà á? Kò sí yàrá tó dára tó inú ọkọ̀ tí a ti pa, tí a wé gíláàsì rẹ̀ sókè. Àga àti kápẹ́ẹ̀tì á mu ohùn tó yẹ kó máa dún padà. Èyí tó dára jù nínú àwọn tí mo gbà, abẹ́ igi níwájú ilé wa ní Mòlípà ni, láàárọ̀ kùtù kí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tó dìde. Mo jókòó sídìí ṣítíárì, ìyàwó mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò fún un ní ìwé kà. Màá na ọwọ́ sí òsì, màá ní, "Ibo ni kí n gbà?" Yóò dá mi lóhùn, èmi á sì ti tẹ bọ́tìnnì. Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò dojú kọ ẹnu, nítorí "igba" àti "ẹgbẹ̀rin" máa ń fẹ́ atẹ́gùn lu máíkì, yóò sì dún gbì. Òógùn bò wá, ṣùgbọ́n ohùn ẹni tó jókòó tì ọ́ nínú ọkọ̀ ló jáde, kì í ṣe ti ẹni tó ń ka ìwé.

Ráńdábáòtù kò le. "Ní ráńdábáòtù, ẹ gba ọ̀nà kejì" ti tó. Kí "ọ̀nà kìíní", "ọ̀nà kejì" àti "ọ̀nà kẹta" ṣe kedere. Ti pípadà ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Má sọ pé "ẹ ṣẹ́rí padà" lásán. Àwọn kan ti gbọ́ irú rẹ̀ lójú mààrósẹ̀ tí wọ́n fi ń dojú kọ ọkọ̀ tó ń bọ̀. "Ẹ wá ibi tẹ́ ẹ ti lè ṣẹ́rí padà" ni. Kí ìyá sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, torí gbólóhùn yìí ni ẹ̀rọ máa ń tún sọ jù. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, tí wọ́n bá ti dí àwọn ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, òun ni wàá máa gbọ́ ṣáá.

Ẹnì kan ti sọ fún ọ pé ohùn tí èèyàn gbà kò lè pe orúkọ àdúgbò. Òótọ́ ni, ègé tí ẹ gbà nìkan ló mọ̀. Kò dùn mí. Google Maps ti ní ohùn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bíi ti Nàìjíríà láti 2019, ṣùgbọ́n kò gbà kí o fi ohùn ara rẹ sí i, mo sì ti gbọ́ bí ohùn ẹ̀rọ ṣe ń pe Ẹjìnrìn àti Fọlágbadé. Bàbá rẹ mọ orúkọ ibẹ̀ jù ú lọ. Ìgbà tó yẹ kí wọ́n yà ni wọ́n nílò.

Tí ẹ bá tún un gbà tán, tí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ṣì ń gé, Bluetooth rédíò ọkọ̀ ni kí o wò, má ní kí ìyá tún bẹ̀rẹ̀. Rédíò mìíràn máa ń pẹ́ kó tó ta jí, "ẹ" á ti kọjá kó tó dún. Nínú ètò ohùn Waze, ibì kan wà tí o ti lè ní kó máa gba Bluetooth bíi pé ìpè fóònù ló wọlé. Tan ìyẹn. Tí kò bá ṣiṣẹ́ lórí rédíò bàbá, pa Bluetooth, kí fóònù fúnra rẹ̀ máa sọ̀rọ̀ láti orí dáṣíbọ́ọ̀dù. Àwọn ègé jíjìn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà òsì àti ọ̀tún, kí o sì jẹ́ kí bàbá fi dé Odógbolú padà kí wọ́n tó gbé gàrí.