Ojú ọ̀run tẹ́ ẹyẹ fò láì fara kanra: ẹyẹ tí kì í fò ńkọ́?

Ìbéèrè: Ní Ọ̀yọ́ níbí, àwọn oníṣẹ́ kan náà tó ń jowú ara wọn ni wọ́n máa ń pa òwe yìí fún. Ṣùgbọ́n ẹyẹ wà tí kò lè fò. Ṣé òwe náà kàn wọ́n?

Ìdáhùn: Ó kàn wọ́n. "Tẹ́" ni ọ̀rọ̀ tó wúwo níbẹ̀, kì í ṣe "fò". Bí ẹni méjì tó ń fín igbá bá pàtẹ síwájú ara wọn l'Ákẹ̀sán, ohun tí àgbà ń sọ ni pé ààyè pọ̀, kí kálukú máa ta tirẹ̀. A kì í pa á fún ẹni tí wọ́n gba ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, yẹ̀yẹ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ààyè yìí gan-an ló dé bá àwọn ẹyẹ inú erékùṣù tí kì í fò, tí wọ́n ń pè ní rail. Ẹbí wọn kan wà létí abàtà wa, dúdú kirikiri, àgógó ẹnu rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ìyẹn sì ń fò. Fífò náà ni baba ńlá àwọn ti erékùṣù fi débẹ̀. Wọn ò bá ológbò, wọn ò bá èkúté, apá tó ń fò sì ń jẹ oúnjẹ. Láti ìran dé ìran, apá kúrú, eegun àyà tí iṣan apá so mọ́ sì ń pẹlẹbẹ.

Wọ́n kó ehoro dé Laysan, lágbègbè Hawaii, ní 1903. Ehoro jẹ koríko ibẹ̀ tán, ẹyẹ ò ríbi sá pamọ́ sí. Nígbà tó fi di 1923 rail Laysan ti tán níbẹ̀. Ó kù díẹ̀ ní Midway, erékùṣù mìíràn tí wọ́n ti kó mélòó kan lọ. Èkúté bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1943, 1944 ni wọ́n sì rí ẹyẹ náà kẹ́yìn.

Rail ti erékùṣù Guam sàn díẹ̀. Ejò tó ń gun igi bá ẹrù wọlé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó ń kó ẹyin àti ọmọ jẹ. Wọ́n sáré kó àwọn tó kù sínú àgò, wọ́n sìn wọ́n títí wọ́n fi pọ̀, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ ní erékùṣù Rota àti Cocos. Rail ti erékùṣù Lord Howe, ní Australia, ti dín sí ohun tí kò tó 30 nígbà kan, orí òkè Gower ló fi ṣe ibi ìsádi, kí wọ́n tó palẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ àti ológbò mọ́.

Èyí tó kéré jù nínú gbogbo ẹyẹ tí kì í fò láyé, rail náà ni, kò tó 50 gíráàmù, erékùṣù Inaccessible nínú òkun Àtìláńtíìkì nìkan ló sì ń gbé. Èkúté ò tíì débẹ̀. Bí ọkọ̀ kan bá já abo èkúté kan tó lóyún sílẹ̀ níbẹ̀, kò sí Midway kankan fún ẹyẹ náà.