Bi Ìyá Tíṣà: Gba Bírò Lọ́wọ́ Wọn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Tíṣà. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 níléèwé girama kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́fà ló fẹ́ máa wá lọ́jọọjọ́ Ọjọ́rú, kí wọ́n máa jókòó ti àwọn ọmọ bí wọ́n bá ń kọ àròkọ. Inú ọ̀gá wa dùn sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé ńṣe ni wọ́n á máa bá wọn kọ ọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti gbé iṣẹ́ mi fún ọmọdé. Kí ni kí n ṣe? Tíṣà, Sábó.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, jẹ́ kí wọ́n wá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó jókòó, gba bírò lọ́wọ́ wọn. Mi ò ṣeré o. Bírò ọmọ nìkan ni kó wà lórí tábìlì.

Lọ́dún tí èmi náà gbà wọ́n láyè, ọmọbìnrin kan kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ kára ni màmá òun. Gbogbo kíláàsì ló ń kọ irú ẹ̀. Ká ní èmi ni, mo ti fi bírò pupa fa máàkì, mo ti kọjá. Ọmọ yunifásítì yẹn ò sọ pé ó dáa, kò sọ pé kò dáa. Ó ní kó kà á sókè, ó wá bi í pé, “Kí oòrùn tó yọ, kí ni màmá ẹ ń ṣe?” Ọmọ yìí dákẹ́. Ó wá fi Yorùbá sọ ọ́: màmá òun á ti ru ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ lọ sórí àpáta láti sá a. Bí òjò bá ṣú, gbogbo ilé á sáré jáde, torí láfún tí òjò bá pa, ta ló fẹ́ rà á? “Kọ èyí tó o sọ yẹn.” Ojú ewé kan àtààbọ̀ ló kọ, àṣìṣe kún inú ẹ̀ bámúbámú. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì.

Àwa tíṣà, àṣìṣe la mọ̀ ọ́n lé. Bẹ́ẹ̀ nínú máàkì 50 tí WAEC ń fún àròkọ, 10 ni ti sípẹ́lì, àmì bíi kọ́mà, àti gírámà. Kókó ọ̀rọ̀ gba 10, ètò rẹ̀ gba 10, bí èèyàn ṣe gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ ló gba 20.

Ní Brooklyn College ní New York, láàárín ọdún 1970 sí 1979, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Kenneth Bruffee rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sá fún ìrànlọ́wọ́ olùkọ́ máa ń gbà á lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ ẹ̀. Ọmọ tí ò lè wo ojú ẹ á tú ọ̀rọ̀ fún ẹni tó fẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Kọ̀rídọ̀ ni kí wọ́n jókòó sí, níbi tí ojú gbogbo èèyàn ti tó wọn.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ ńkọ́? Bi wọ́n bóyá wọ́n á bá ẹ máàkì ìwé àádọ́rin.

Ohun tí mo gbàgbé nígbà tèmi nìyí: ìdánwò àwọn ará yunifásítì dé, wọ́n pòórá, àwọn ọmọ ń wo géètì ní gbogbo Ọjọ́rú. Tètè béèrè ọjọ́ ìdánwò wọn, kó o sì sọ fáwọn ọmọ.