Ẹ Bi Wá: Tíìmù gba kọ́ọ̀pù, kí ló dé tí ò gòkè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ń gbé ní Johnson City, ní Tennessee l'Amẹ́ríkà. Ó ní lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn tíìmù bésíbọ́ọ̀lù ìlú wọn gba kọ́ọ̀pù líìgì kan tí wọ́n ń pè ní Appalachian League. Mo ní ó dáa, dífísọ̀n wo ni wọ́n wá gòkè lọ? Ṣe ló bú sẹ́rìn-ín. Ó ní wọn ò kì í gòkè. Ẹ bá mi là á yé mi, torí láti ìgbà IICC ní Líbátì ni mo ti ń wo bọ́ọ̀lù, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. *Bàbá Àgbà, Òkè-Àdó*

Ìdáhùn: Bàbá, ọmọ yín ò parọ́ o. Ní ti 3SC wa, tíìmù ló ń gòkè, tíìmù náà ló ń já wálẹ̀, gbogbo ìlú á sì bá a gòkè á bá a já, a ti rí méjèèjì níbí. Lọ́dọ̀ tiwọn, tíìmù ò lọ síbì kankan, agbábọ́ọ̀lù nìkan ló ń lọ. Ọmọ tó bá ti ń ṣe dáadáa, ọjọ́ kan ṣá ni fóònù á dún, wọ́n á ní kó di ẹrù ẹ̀ kó máa lọ sí ìlú tó kàn, ì báà jẹ́ ọ̀la ni fáínà.

Kò rí báyẹn níbẹ̀rẹ̀ ṣá. Ọdún 1911 ni wọ́n dá líìgì yẹn sílẹ̀, láwọn ìlú tó wà láàárín àwọn òkè Appalachia, Bristol, Johnson City, Knoxville, Asheville àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ni tíìmù ẹ̀, àwọn oníṣòwò ìlú ló ń dáwó sí i, tí ọmọ kan bá wá mọ̀ ọ́n gbá jù, wọ́n á tà á fún tíìmù ńlá, owó yẹn ni wọ́n á fi gbéra lọ́dún tó ń bọ̀. Owó náà ò sì kì í tó. Ọdún 1914 ni líìgì kọ́kọ́ dákẹ́, ó jí lọ́dún 1921, ó tún kú ní 1925, àfi 1937 kó tó tún padà dé.

Láàárín ìgbà tó kú sí ìgbà tó jí yẹn ni nǹkan yí padà. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Branch Rickey, òun ló ń darí St. Louis Cardinals. Tíìmù ẹ̀ ò lówó bíi ti New York, tó bá ti fẹ́ ra ọmọ kan báyìí àwọn olówó á ti fowó lé e kọjá ibi tọ́wọ́ ẹ̀ tó, ló bá ní ṣé kí n kúkú ra àwọn tíìmù kéékèèké yẹn fúnra mi, kí n máa kó ọmọ síbẹ̀ látìgbà tí ò tíì sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n? Nígbà tó fi máa di 1940, tíìmù tó wà lábẹ́ Cardinals ti ju 30 lọ. Adájọ́ Landis, tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà bésíbọ́ọ̀lù nígbà yẹn, bínú gan-an, lọ́dún 1938 ó já ọmọ tó ju 70 gbà lọ́wọ́ Cardinals, ó ní kí wọ́n máa wá ibòmíì lọ. Ṣùgbọ́n omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu, torí gbogbo àwọn tíìmù ńlá tó kù ló ti ń ṣe bíi Rickey.

Ẹ wò ó bí ọ̀gá mẹkáníìkì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù márùn-ún: ọmọ iṣẹ́ ló ń kúrò ní kékeré bọ́ sí ńlá, ṣọ́ọ̀bù ò kúrò lójú kan. Johnson City tí ọmọ yín wà yẹn, láti 1975 títí di 2020, orúkọ Cardinals ló wà láyà ẹ̀wù wọn, St. Louis ló ń yan kóòsì fún wọn, òun náà ló ń san owó àwọn ọmọ. Kọ́ọ̀pù tí wọ́n gbà dùn mọ́ ará ìlú, kò sẹ́ni tó máa sọ pé kò dùn, ṣùgbọ́n ní St. Louis, ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé ọmọ wo ló ti tó gbé kúrò níbẹ̀.

Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀, ká sòótọ́. Kí wọ́n wá mú sitiráíkà 3SC lọ láàárọ̀ ọjọ́ fáínà, ṣé Mọ́kọ́lá á ṣeé gbà kọjá lọ́jọ́ yẹn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo kà á pé ní líìgì yẹn náà, ajùbọ́ọ̀lù kan dá pa èèyàn 27 nínú géèmù kan ṣoṣo. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ní ẹnì kan wà tó gbá bọ́ọ̀lù yí nílẹ̀ tí wọ́n fi pa á. 27 àti 1, 28 nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ẹni 27 péré ni tíìmù kan ń kú nínú géèmù. Ṣé irọ́ ni àbí èmi ni ò mọ ìṣirò? *Ọmọ Pólì, Sáńgò*

Ìdáhùn: Àbúrò, ìṣirò ẹ dáa, òótọ́ sì ni ìtàn yẹn, èmi náà fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni.

Fún àwọn tí ò mọ eré yìí: ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan di igi mú ń dúró dè é. Tó bá fi igi gbá òfo lẹ́ẹ̀mẹta, tàbí tó ń wò tí bọ́ọ̀lù tó dáa fi kọjá lójú ẹ̀, ó ti kú nìyẹn, kó lọ jókòó. Tí ẹni mẹ́ta bá ti kú, wọ́n á pààrọ̀ ọwọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni tíìmù kọ̀ọ̀kan máa di igi mú, ẹni mẹ́ta lọ́nà mẹ́sàn-án, 27. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn 27 yẹn ló máa ń rí bọ́ọ̀lù gbá o, àwọn tó wà nínú pápá ló máa ń hán an tí wọ́n á fi pa wọ́n. Kí ajùbọ́ọ̀lù wá fi ọwọ́ ara ẹ̀ pa ẹni 27, ẹnì kan ṣoṣo ló tíì ṣe é nínú géèmù ẹlẹ́ẹ̀mẹsàn-án láàárín àwọn tó ń gbowó gbá a l'Amẹ́ríkà.

Ron Necciai lorúkọ ẹ̀, ọmọ ọdún 19. Alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1952 ni, ní Bristol, ìlú tí ààlà gba àárín títì ẹ̀ kọjá, ọ̀tún Tennessee, òsì Virginia. Àwọn tó wá bá wọn gbá ni Welch Miners, láti ìlú àwọn awakùsà èédú ní West Virginia. Ọmọ yìí ní ọgbẹ́ inú, inú ń ta á lálẹ́ ọjọ́ yẹn débi pé mílíìkì ni wọ́n ń gbé fún un mu kó lè dúró. Ó ń jù, wọ́n ń gbá òfo. Ó fi bọ́ọ̀lù ba ẹnì kan lára, ó jù ú síta fún ẹlòmíì títí tí wọ́n fi ní kó rìn lọ sí béèsì, ìyẹn ibi tí ẹni tó di igi mú gbọ́dọ̀ sáré dé kó tó yè, ọmọ tíìmù ẹ̀ kan náà ṣe àṣìṣe, àti ẹnì kan tó gbá a yí nílẹ̀ tí wọ́n fi pa á.

Ibi tí 28 ẹ ti wá nìyí. Nígbà tó kan ìkẹsàn-án, Necciai ti ju ẹnì kan tó gbá òfo lẹ́ẹ̀mẹta, ó yẹ kó kú, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù já lọ mọ́ Harry Dunlop tó ń hán an lẹ́yìn lọ́wọ́. Òfin eré yẹn sì ni pé tí ẹni tó ń hán an ò bá mú un, ẹni tó gbá òfo lè sáré lọ sí béèsì. Ó bá sáré, ó yè! Wọ́n ka òfo yẹn fún Necciai, ṣùgbọ́n ẹni yẹn ò kú. Ó di dandan kó tún pa ẹlòmíì dípò ẹ̀, ló fi jẹ́ pé mẹ́rin ló jù lófo nínú ìkẹsàn-án nìkan. Bristol 7, Welch òdo, Welch ò sì rí bọ́ọ̀lù gidi kan gbá dé béèsì látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Kò tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti gbé e dé Pittsburgh Pirates lókè pátápátá, tíìmù tó burú jáì lọ́dún yẹn, wọ́n pàdánù géèmù 112. Ó jáwé olúborí lẹ́ẹ̀kan, ó pàdánù mẹ́fà. Ológun mú un wọṣẹ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọgbẹ́ inú ò jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀, apá ẹ̀ wá bàjẹ́, kò padà dé òkè mọ́. Ẹni tó sì ń darí Pittsburgh nígbà yẹn ni Branch Rickey, ọkùnrin tí mo sọ fún Bàbá Òkè-Àdó lẹ́ẹ̀kan.

Ìbéèrè: Ọmọ ọmọ mi kan ní Maryland ń gbá bésíbọ́ọ̀lù, ó ti fẹ́ jáde girama, ó lóun ò lọ yunifásítì mọ́, wọ́n máa gba òun sí tíìmù kékeré kan. Ìyá ẹ̀ ń sunkún. Ṣé owó wà níbẹ̀? Ṣé wọn ò sì kì í yọ àwọn dúdú sílẹ̀? *Ìyá Ìbejì, Ọ̀jẹ́*

Ìdáhùn: Ìyá, ẹ kú àmójútó ọmọ. Ní ti owó, títí di 2020, dọ́là 290 lọ́sẹ̀ ni owó tó kéré jù fáwọn ọmọ tuntun, ìgbà tí géèmù bá ń lọ nìkan sì ni. Tí géèmù bá parí, kóńkó jabele, àwọn míì ń ru ẹrù, àwọn míì ń gbé pítísà kiri. Wọ́n gbé àwọn ọ̀gá wọn lọ sí kóòtù lọ́dún 2014, ẹjọ́ yẹn parí ní 2022, mílíọ̀nù 185 dọ́là ni wọ́n fi yanjú ẹ̀. Ọdún kan náà ni wọ́n wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àdéhùn tí wọ́n ṣe ní 2023 sì gbé owó ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá láti 4,800 dọ́là lọ́dún dé 19,800. Ó sàn, àmọ́ ní Maryland owó yẹn ò tó gba ilé.

Ní ti àwọ̀, ojú àwọn dúdú ti rí nǹkan. Jackie Robinson, dúdú tó ṣílẹ̀kùn líìgì ńlá fáwọn yòókù, gbá a ní líìgì kékeré ní Montreal lọ́dún 1946 kó tó dé líìgì ńlá ní Brooklyn ní 1947, ṣùgbọ́n ní gúúsù, àwọn líìgì kéékèèké fi ìlẹ̀kùn tì. Ọdún 1951 ni Percy Miller wọ Carolina League ní Danville, kò sí dúdú tó ṣe é ṣáájú ẹ̀. Hank Aaron, dúdú míì, ní Jacksonville lọ́dún 1953, òun ló gbá a jù ní gbogbo líìgì, síbẹ̀ kò lè bá àwọn funfun inú tíìmù ẹ̀ sùn hòtẹ́ẹ̀lì kan náà. Èyí ò sí lónìí mọ́. Gift Ngoepe, ọmọ South Africa, tọwọ́ bọ̀wé láti gbá a ní ìsàlẹ̀ lọ́dún 2008, ó gòkè ní 2017, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé líìgì ńlá. Bí ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn, Ìyá! Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín gbọ́ iye ọdún yẹn dáadáa.

Tó bá jẹ́ èmi, yunifásítì ni n óò ní kó kọ́kọ́ lọ. Kò ní pa bọ́ọ̀lù tì, torí tó bá ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀, àwọn tíìmù ńlá á tún láǹfààní láti mú un.

Ìbéèrè: Ṣé líìgì yẹn ṣì wà? *Látorí WhatsApp, Àpáta*

Ìdáhùn: Ó wà, kì í ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọdún 1949 ni gbogbo líìgì kéékèèké dùn jù, nǹkan bí 59 ló wà l'Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn yẹn ni tẹlifíṣàn dé, èèyàn ń jókòó sílé wo New York, ta ló tún fẹ́ lọ jókòó lórí pákó ní Welch? (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo Arsenal ní vííwìn sẹ́ńtà tí Adámásingbà ṣófo, ẹ mọ nǹkan tí mò ń sọ.) Appalachian League náà dákẹ́ ní 1955, ó padà dé ní 1957. Láti 1963 ló ti di ti àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, oṣù kẹfà sí ìparí oṣù kẹjọ, géèmù 68 tàbí bẹ́ẹ̀. Cal Ripken gba ibẹ̀ kọjá, ní Bluefield, lọ́dún 1978, kò gbá bọ́ọ̀lù kan jáde nínú pápá ní gbogbo sáà yẹn, ẹni tó padà gbá géèmù 2,632 léraléra láìsinmi ọjọ́ kan.

Lọ́dún 2020 Kòrónà ò jẹ́ kí wọ́n gbá a rárá, àwọn líìgì ńlá sì gé tíìmù abẹ́ wọn láti 160 sí 120, wọ́n yọ gbogbo Appalachian kúrò. Láti 2021, àwọn ọmọ yunifásítì tó wà lọ́dún kìíní àti èkejì ló ń gbá a lásìkò ọlidé, wọn ò gbowó. Gbogbo ìlú sì yan orúkọ tuntun. Johnson City di Doughboys, Kingsport di Axmen. Burlington ní tiwọn di Sock Puppets, àwọn ọmọláńgidi tí wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ ṣe, wọ́n wọ̀ ọ́ sáyà wọ́n sì lọ gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹ̀.