Ọmọ Mi Fẹ́ Gun Básíkù Òun Nìkan Létí Òkun Ọsirélíà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkéré-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ọmọ mi ọkùnrin kejì ń kàwé ní Melbourne, ó wá pè mí lọ́jọ́ Sọ́ńdè pé tí ìsinmi December bá dé òun máa gun básíkù láti Torquay lọ sí Apollo Bay létí òkun, ọjọ́ kan ṣoṣo, òun nìkan. Mo ní ṣé kò sí owó bọ́ọ̀sì ni? Ó bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ ní ká fi í lẹ̀, ó ti dàgbà, àmọ́ èmi ò rí oorun sùn. Wọ́n ní ejò pọ̀ níbẹ̀. Kí ni kí n sọ fún un? — Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ má bínú pé ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ohun tí ìyá tèmi sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn lọ́dún tí mo wà lọ́hùn-ún tí mo gun ọ̀nà yẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ń gun básíkù, oko ló ń lọ tàbí kò ní owó ọ̀kadà, àmọ́ lọ́hùn-ún ẹ máa rí àwọn tó ti fẹ̀yìntì, irun orí ti funfun, mọ́tò wà nílé, tí wọ́n so báàgì méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn tí wọ́n ń gbádùn ara wọn lọ.

Great Ocean Road ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà, gbogbo gígùn rẹ̀ jẹ́ 243 km. Àwọn sójà tó ti ogun àgbáyé kìíní dé ló là á láàárín 1919 sí 1932, dígà àti ṣọ́bìrì ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi ṣe ìrántí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò padà wálé. Apá tí ọmọ yín fẹ́ gùn ò ju bíi 90 km lọ. Torquay sí Lorne, ìlú tó wà ní ìdajì ọ̀nà, ẹ ṣáà fi wé Adó sí Àkúrẹ́, Lorne sí Apollo Bay náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Òkè wà níbẹ̀, àmọ́ ọmọ tó dàgbà lábẹ́ òkè Olósùnta, kí ló fẹ́ bẹ̀rù? Kó ṣáà má sọ pé òun máa kọjá Apollo Bay lọ́jọ́ náà o, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti fi òkun sílẹ̀ tó gun inú igbó Otway lọ sí Lavers Hill, ẹni tó ti wa básíkù látàárọ̀ máa sunkún.

Ejò wà, àmọ́ òun ló máa ń kọ́kọ́ sá. Atẹ́gùn ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló sábà máa ń fẹ́, ojú ẹni tó ń lọ sí Apollo Bay ló sì ń gbá. Lọ́jọ́ tèmi, tìlù-tìfọn ni mo fi kúrò ní Lorne, nígbà tí mo máa dé Cape Patton mo ti sọ̀kalẹ̀, mò ń ti básíkù bí ẹni ń ti ọmọlanke.

Táyà tún ni. Níbí, tí táyà bá jò láàárín Ìkéré sí Adó, ẹ ò ní tì í jìnnà kẹ́ ẹ tó rí fọkanáísà, lọ́hùn-ún kò sí. Kó mú túùbù méjì dání àti pọ́ǹpù, kó sì dán an wò nílé, torí èmi mú pọ́ǹpù dání lóòótọ́, ẹnu ẹ̀ ò bá ẹnu túùbù mu, ẹ̀bá títì ni mo jókòó sí bí ọmọ òrukàn títí bàbá arúgbó kan fi gun básíkù tiẹ̀ dé tó yá mi ní pọ́ǹpù, kò tiẹ̀ béèrè orúkọ mi.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wà níbẹ̀, bí àwa náà ṣe ń ṣe kó tó di April 1972, torí náà ẹ̀gbẹ́ òkun gan-an ló máa wà láti Torquay lọ, ojú ẹ̀ máa rí nǹkan. Òfin ní kí mọ́tò tó fẹ́ kọjá fi mítà kan sílẹ̀ fún un, mítà kan àbọ̀ níbi tí wọ́n bá ti gbà kí mọ́tò sá ju 60 km ní wákàtí kan. Hẹ́mẹ́ẹ̀tì pọn dandan, ìpínlẹ̀ Victoria tí Melbourne wà yẹn ló kọ́kọ́ fi í ṣòfin láyé, lọ́dún 1990.

December ni ìgbà ooru wọn. Oòrùn ibẹ̀ ń jó awọ dúdú náà, imú mi bó, kó fi ìpara oòrùn para. Tí wọ́n bá kéde pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáná níta lọ́jọ́ náà, kó jókòó sílé, torí lọ́jọ́ Kérésì 2015 iná igbó jó ilé 116 ní Wye River àti Separation Creek, ojú ọ̀nà yẹn gan-an. Kó máa jẹun kí ebi tó pa á, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti búrẹ́dì. (Ọmọ Èkìtì ni mí, mo ti rò ó, iyán ò ṣeé gbé.)

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ sọ yẹn, ẹ jàre díẹ̀ o. Kó béèrè ṣáájú bóyá bọ́ọ̀sì tó máa gbé e padà ń gba básíkù, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbà á. Tí kò bá rí, kó ti sanwó ibi tó máa sùn sílẹ̀, December máa ń kún, kí atẹ́gùn yẹn wá tì í lẹ́yìn padà lọ́jọ́ kejì.

Ó wá ku oorun yín. Wákàtí mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣáájú wa lásìkò yẹn. Tó bá gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀, aago mẹ́jọ alẹ́ ni ní Ìkéré. Tó bá dé Lorne bí aago mẹ́wàá, aago méjìlá òru lọ́dọ̀ yín, ẹ ní kó pè. Lẹ́yìn Lorne nẹ́tíwọ̀kì lè máa lọ máa bọ̀, ẹ má torí ẹ̀ jí bàbá ẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa jí ní aago mẹ́fà, tí atẹ́gùn ò bá pọ̀ jù, ó ti ń wẹ̀ ní Apollo Bay.