Èsì: Kí ni a lè pe ẹyẹlé tó ń fò padà wálé?

Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí o. Ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ tí a lè fi pe ẹyẹlé tí wọ́n ń gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn kí ó lè fò padà wálé, àti ohun tí àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ń pe eré ìje ẹyẹlé yìí.

Lójú tèmi, orúkọ tó wà nílẹ̀ ti tó, nítorí pé ẹyẹ ilé ni ẹyẹlé. Bí ẹ bá fẹ́ yà á sọ́tọ̀, ẹ kọ ọ́ ní ẹyẹlé eléré ìje. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn tó ń sọ Faransé ń pe eré náà ní colombophilie, ìyẹn ìfẹ́ ẹyẹlé, ṣùgbọ́n èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni duivenmelker, orúkọ tí àwọn tó ń sọ èdè Dutch ń pe ẹni tó ń sìn wọ́n, bí ẹni wí pé ó ń fún wàrà ẹyẹlé. (Ẹyẹlé kúkú ní ohun kan bíi wàrà tí takọtabo wọn ń pọ̀ sí ọmọ lẹ́nu.)

Gbígbé ẹyẹlé sínú apẹ̀rẹ̀, kí a tú u sílẹ̀ nítòsí, lẹ́yìn náà níbi tó túbọ̀ jìn, ni mo ń pè ní mímú ẹyẹlé mọ̀nà. Ní ti constateur, ìyẹn aago tí wọ́n fi ń mọ àkókò tí ẹyẹ dé, aago ìje ni mo yàn: láyé àtijọ́, bí ẹyẹ bá ti wọlé, olówó rẹ̀ yóò sáré bọ́ òrùka rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò sì jù ú sínú aago náà kí ó lè tẹ àkókò tó dé.